Àbúrò mi, má kàn jókòó lórí bẹ́ǹṣì yẹn

Àbúrò mi, ọwọ́ màmá mi ló kọ́kọ́ ta mí lólobó. A ti wà lórí bẹ́ǹṣì ọsibítù láti aago 7 àárọ̀, aago 10 sì ti kọjá. Ọwọ́ wọn wà nínú tèmi, a ń sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ọmọ àbúrò wọn tó ń bọ̀ lọ́nà. Lójijì ni mo rí i pé ọwọ́ náà ti tutù bí omi àmù, òógùn sì ti rin ín gbindin. Mo ní, "Màámi, ṣé kò sí o?" Wọ́n ní kò sí, ó kàn rẹ àwọn ni. Mo tún bi wọ́n pé aṣọ wo ni wọ́n ní kí a rà fún ìgbéyàwó náà. Wọ́n kàn ń wò mí, bí ẹni tí kò gbọ́ èdè tí mo ń sọ.

Àtọ̀gbẹ ni àìsàn tí màmá mi ń bá yí láti ọdún mélòó kan. Wọ́n ti sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n má jẹun wá, nítorí àyẹ̀wò ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Wọn ò jẹun lóòótọ́, omi lásán ni wọ́n mu. Ṣùgbọ́n kí a tó jáde nílé wa ní Alágbàká, ní Àkúrẹ́, wọ́n ti gbé oògùn wọn mì bí wọ́n ṣe ń ṣe ní gbogbo òwúrọ̀. Kò sí ẹni tó sọ fún wọn pé oògùn yẹn kò gbọ́dọ̀ ṣáájú oúnjẹ. Èmi tí mo tẹ̀lé wọn, n ò rò ó débẹ̀. Oògùn ń fa ṣúgà wálẹ̀, oúnjẹ kò sí nínú ikùn tí yóò gbé e dúró, àwa sì jókòó jẹ́jẹ́ bí ọmọlúàbí, à ń retí kí wọ́n pe orúkọ wa.

Nọ́ọ̀sì kan tó ń kọjá lọ ni mo fà láṣọ. Ó wo ojú màmá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó gún wọn níka, ó wo ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀, ó ní kí n sáré wá ṣúgà. Ìyá tó ń ta búrẹ́dì àti tíì lẹ́nu géètì ló fa páálí ṣúgà St. Louis rẹ̀ ya, ó bù ú sí mi lọ́wọ́, kò dúró gbowó. A po hóró mẹ́rin sínú omi díẹ̀, màmá mu ún. Kò tó ìṣẹ́jú 20 tí ojú wọn fi là, tí wọ́n ń bi mí pé kí ló ń pa mí lẹ́kún.

Láti ọjọ́ náà ni ojú tí mo fi ń wo ìdúró ọsibítù ti yí padà, òun ni mo sì fẹ́ bá ọ sọ. Gbogbo wa la mọ̀ pé ìdúró ń jẹ àkókò. A máa ń kùn sí i, a sì máa ń fara dà á. Ohun tí a kì í rántí ni pé ara tó ń dúró yẹn, ara aláìsàn ni. Wákàtí mẹ́rin, wákàtí márùn-ún lórí bẹ́ǹṣì ní ohun tó ń ṣe fún ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ ní àkókò, tí oògùn rẹ̀ ní àkókò, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, tàbí tí oyún inú rẹ̀ ti pé oṣù mẹ́jọ. Iṣẹ́ ni ìdúró. À ń múra fún un, à ń ṣọ́ ọ, a sì gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tó yẹ ká dìde kúrò nínú rẹ̀ ká lahùn.

Má rò pé ẹnikẹ́ni ló fẹ́ fìyà jẹ ọ́. Wo ọsibítù ńlá tí àwọn àgbà Àkúrẹ́ ṣì ń pè ní Sipẹ́ṣálísìtì dòní olónìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti di ara ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti UNIMED, yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn ìpínlẹ̀ wa, tó ní ẹ̀ka sí Àkúrẹ́ àti Oǹdó. Ará Ìdànrè ń bọ̀ níbẹ̀, ará Ìjù àti Ìta-Ògbólú ń bọ̀, ará Ìgbàrà-Òkè ń bọ̀, àwa ará ìlú náà sì wà ńbẹ̀. Ọwọ́ tó ń tọ́jú gbogbo wa ló kéré. Ní 2025, Ọ̀jọ̀gbọ́n Muhammad Ali Pate tó jẹ́ mínísítà ètò ìlera nígbà náà sọ pé dókítà tó lé ní 16,000 ló ti fi Nàìjíríà sílẹ̀ láàárín ọdún 5 sí 7, ó sì ní dókítà tí a ní kò pé 4 fún ẹgbẹ̀rún 10 èèyàn. Àwọn tó kù ń ṣe iṣẹ́ tiwọn, wọ́n ń ṣe ti ẹni tó lọ mọ́ ọn. Dókítà tó pè ọ́ wọlé ní aago 1 ọ̀sán, ó lè jẹ́ pé òun náà kò tíì fojú kan ibùsùn láti àná.

Ẹ̀gbọ́n mi kan wà ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, orúnkún ń dà á láàmú. Òun náà ń dúró. Ìlànà NHS, ètò ìlera ìjọba wọn, ni pé kí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ 18 tó pé lẹ́yìn tí dókítà àdúgbò bá ti kọ̀wé ẹni ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi di oṣù kẹsàn-án 2023, ìtọ́jú tí wọ́n ń retí ní England ti lé ní mílíọ̀nù 7 àti ààbọ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwa àti wọn ni pé ẹ̀gbọ́n mi ń dúró nínú ilé rẹ̀, lẹ́tà ni yóò wá pè é. Tiwa, ara wa la fi ń gba nọ́ńbà. Ìdí nìyẹn tí ìmọ̀ràn tí wọ́n ń kọ fún wọn lọ́hùn-ún kò fi gbà wá tán.

Ó dáa. Ọjọ́ ọsibítù kì í bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ìgbà tí wọ́n bá ń kọ àyẹ̀wò fún ọ ló ti bẹ̀rẹ̀, kí o tó dìde níwájú dókítà. Béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, "Dókítà, ṣé kí n jẹun wá tàbí kí n má jẹun? Oògùn tí mò ń lò láàárọ̀ ńkọ́, èwo ni kí n lò wá, èwo ni kí n mú dání?" Kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ alátọ̀gbẹ lo mú lọ, sọ fún àwọn ará láàbù bí o bá ṣe ń dé pé alátọ̀gbẹ ni, kò sì tíì jẹun, kí wọ́n lè tètè fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Gbàrà tí wọ́n bá fà á tán, kó jẹun lójú ẹsẹ̀ níbẹ̀, kó sì lo oògùn tí dókítà ní kó lò pẹ̀lú oúnjẹ. Má jẹ́ kí ó di ẹ̀yìn ìgbà tó bá rí dókítà.

Mọ àmì ṣúgà tó já wálẹ̀ bí o ṣe mọ ojú ọmọ rẹ: ara ń gbọ̀n, òógùn tútù ń bò ó, ebi òjijì, àyà ń lù kìkì, ó ń sọ̀sọkúsọ tàbí ó ń wò bí ẹni mutí yó. Bí ó bá ṣì lè gbé nǹkan mì, hóró ṣúgà mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú omi, tàbí ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò gidi, kì í ṣe èyí tí kò ní ṣúgà. Tí ìṣẹ́jú 15 bá kọjá tí kò tíì sàn, tún fún un. Ara rẹ̀ bá balẹ̀, kó wá jẹun tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti dákú, má da ohunkóhun sí i lẹ́nu o. Nọ́ọ̀sì ni kí o kígbe pè.

Àṣìṣe kan tún wà tí àwọn obìnrin àdúgbò wa máa ń ṣe, àwọn ọkùnrin náà ń ṣe é. Bí wọ́n bá ń lọ rí dókítà nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, wọn kì í lo oògùn láàárọ̀ ọjọ́ náà. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kí dókítà rí i bó ṣe rí gan-an. Àbúrò mi, ohun tí dókítà fẹ́ rí ni bí oògùn tó kọ fún ọ ṣe ń ṣiṣẹ́ sí. Bí o kò bá lò ó, tí o rìn wá láti ìta géètì nínú oòrùn, tí o fi ìtọ̀ pamọ́ sára nítorí kí wọ́n má baà pè ọ́ nígbà tí o wà ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀, tí inú sì ń bí ọ sí obìnrin tó já ìlà, ìfúnpá tí wọ́n máa wọ̀n fún ọ, kì í ṣe tìrẹ mọ́. Wọ́n á fi oògùn kún oògùn. Lo oògùn rẹ lásìkò, àfi tí dókítà bá ní kí o má lò ó. Lọ tọ̀. Jókòó fún ìṣẹ́jú 5, fẹ̀yìn ti bẹ́ǹṣì, tẹ ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀, má fi ọ̀kan kọ́ ọ̀kan, má sọ̀rọ̀ bí wọ́n bá ń wọ̀n ọ́n.

Ti sikáànì ìsàlẹ̀ ikùn náà wà níbẹ̀. Wọ́n á ní kí o mu omi títí àpò ìtọ̀ rẹ yóò fi kún. Mo rí ọmọbìnrin kan tó mu omi ike ńlá kan tán gbáà kó tó mọ̀ pé èèyàn 14 ló wà níwájú òun. Ọmọ náà ń mì lórí ìdúró, omi ń bọ̀ lójú rẹ̀. Ó lọ tọ̀ ọ́ dànù nígbà tí kò lè mú un mọ́ra mọ́, wọ́n sì ní kó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Béèrè iye ẹni tó ṣáájú rẹ kí o tó ṣí ike omi.

Àpò tí mo máa ń gbé báyìí kò tóbi, ṣùgbọ́n n kì í gbàgbé ohun inú rẹ̀. Omi. Mọ́ínmọ́ín nínú kúlà kékeré, tàbí ẹyin bíbọ̀ àti búrẹ́dì. Ṣúgà tí a wé sínú ọ̀rá. Ìborùn, nítorí àtẹ́gùn àárọ̀, nítorí pé ó tún ṣeé ká sí ìdí lórí bẹ́ǹṣì onípákó. Owó kéékèèké, nítorí pé ẹ̀rọ pí-ó-ẹ̀s lè ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí nígbà tí o bá nílò rẹ̀ jù. Fóònù tó kún fún iná. Oògùn ọ̀sán aláìsàn, bí ó bá ní in. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ìwé ìkọ̀wé kékeré kan, irú èyí tí àwọn ọmọ fi ń lọ sí iléèwé.

Jẹ́ kí n ṣí ìwé màmá mi hàn ọ́. Ojú ewé kìíní: orúkọ, ọjọ́ orí, irú ẹ̀jẹ̀ wọn, oògùn tí ara wọn kọ̀. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, nọ́ńbà káàdì ọsibítù, nítorí káàdì lè sọnù. Ojú ewé kejì: gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò, mo dà á kọ láti ara páálí rẹ̀ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìwọ̀n rẹ̀ àti ìgbà tí wọ́n ń lò ó. Kò sí "èyí funfun roboto yẹn" níbẹ̀. Funfun roboto pọ̀ ní fámásì. Àgbo tí wọ́n ń mu wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Mo bẹ̀ wọ́n títí kí wọ́n tó jẹ́ kí n kọ ọ́. Láti ojú ewé kẹta lọ, ọjọ́, ìfúnpá, ṣúgà, àti ohun tí dókítà sọ. Ní ìparí pátápátá ni mo ń kọ ìbéèrè sí láàárín ọ̀sẹ̀ bí ó bá ṣe ń sọ sí wọn lọ́kàn. Mẹ́ta péré ni mo máa ń mú wọlé. O dúró fún wákàtí márùn-ún, dókítà lè má ní ju ìṣẹ́jú 10 lọ fún ọ. Bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn bá wá lọ sórí "kí lorúkọ oògùn yẹn ná?", kí ni o wá ṣe? Bí o bá fi ìwé náà lé e lọ́wọ́, yóò kà á tán kí o tó jókòó dáadáa. Àbájáde àyẹ̀wò àtijọ́ náà, yà á sí fóònù, kí wọ́n má baà ní kí o san owó àyẹ̀wò tí o ti ṣe ní oṣù tó kọjá.

Tí o bá dé ọ̀hún, má kọ́kọ́ wá àyè ìjókòó. Kọ́kọ́ mọ ẹ̀yìn ta ni o wà. "Ẹ káàárọ̀ o, ta ló dé kẹ́yìn?" Wo ojú ẹni tó ṣáájú rẹ, kí o sì jẹ́ kí ẹni tó tẹ̀lé ọ mọ ojú tìrẹ. Àwọn méjì yẹn ni ẹlẹ́rìí rẹ bí o bá lọ tọ̀ tàbí lọ jẹun. Kí wọn, bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti wá. Mo ti bá obìnrin kan láti Ọ̀dá dọ̀rẹ́ lórí ìlà káàdì, ó tó ọdún mẹ́ta báyìí, òun ló sì máa ń pè mí bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì, kí n má baà gbé màmá jáde lásán.

Ìlà ọsibítù kì í sì í ṣe ẹyọ kan. Ti káàdì wà, ti owó wà, fáìlì ní láti jáde ní rékọ́ọ̀dù, wọ́n á wọ̀n ìfúnpá, kó tó kan dókítà. Láàbù tún wà lẹ́yìn rẹ̀, owó lẹ́ẹ̀kejì, fámásì. Mọ èyí tí ò ń dúró dè ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Obìnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní Sẹkitéríàtì jókòó lẹ́nu ọ̀nà dókítà fún wákàtí méjì gbáko, ó ń retí orúkọ rẹ̀. Fáìlì rẹ̀ kò tíì kúrò ní rékọ́ọ̀dù. Kò sí ẹni tó ṣe é ní ibi. Kò kàn béèrè ni. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, dìde, lọ bi nọ́ọ̀sì tàbí òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé fáìlì wa ti wọlé?" Ìbéèrè yẹn nìkan. Bí o bá wà nínú ètò adójútòfò ìlera, yálà ti ìpínlẹ̀ tàbí ti àpapọ̀, tí wọ́n sì ń gbé ọ lọ sọ́dọ̀ onímọ̀ àkànṣe, lépa kóòdù ìyọ̀ǹda rẹ lọ́jọ́ tó ṣáájú. Mo ti rí àwọn tí kóòdù yìí nìkan dá dúró títí dókítà fi ṣíwọ́.

Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ ẹni méjì tí ẹ óò tẹ̀lé aláìsàn. Ọ̀kan á máa ti fèrèsé kan bọ́ sí òmíràn, ọ̀kan á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn. Kí ẹni tó jókòó tì í má sì máa wo fóònù láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Bí kì í bá ṣe pé ọwọ́ màmá wà nínú tèmi lọ́jọ́ yẹn ni, ǹ bá rò pé oorun ló ń kùn wọ́n. Lẹ́yìn wákàtí kan, gbé e dìde, ẹ jọ rìn dé ìdí igi kí ẹ padà. Ìjókòó pípẹ́ máa ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ wú, ó sì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan ẹsẹ̀, pàápàá fún aboyún, fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ.

Ibi tó dùn mí jù rèé. Wọ́n ti kọ́ wa ní sùúrù. Wọ́n kọ́ wa pé obìnrin gidi kì í pariwo níta. Nítorí náà, ìyàwó ilé á wà lórí ìlà, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ á ti rọ jọwọlọ, kò ní fẹ́ kí wọ́n pe òun ní aláìníwà. Gbọ́ mi o. Ìlà wà fún àwọn tí ara wọn lè dúró. Ètò gbogbo ọsibítù gidi ni pé kí ẹni tó le jù ṣáájú, kì í ṣe ẹni tó tètè dé. Nọ́ọ̀sì mọ èyí, ṣùgbọ́n kò lè mọ ohun tó yí padà lára ènìyàn rẹ lẹ́yìn tó wò ó tán ní aago 8. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n.

Àyà tó ń dunni bí ẹni pé wọ́n gbé nǹkan lé e. Èémí tí kò délẹ̀. Ẹnu tó wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, apá tí kò gbé sókè mọ́, ọ̀rọ̀ tó ń lọ́. Ọmọ tí gìrì mú, tàbí tí kò lè mu ọmú mọ́, tó ń bì gbogbo ohun tó bá mu. Aboyún tó rí ẹ̀jẹ̀, tàbí tí orí ń fọ́ gidigidi tí ojú rẹ̀ ń ṣú, tí ojú àti ọwọ́ rẹ̀ wú lójijì. Ẹnikẹ́ni tí o bá pè tí kò dáhùn bó ṣe yẹ. Má dúró de orúkọ. Lọ bá nọ́ọ̀sì, sọ ohun tí o rí àti àsìkò tó bẹ̀rẹ̀: "Mà, láti aago 10 kọjá ìṣẹ́jú 15 ni wọn ò ti lè gbé apá ọ̀tún. Wọ́n gbé e nígbà tí a dé." Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń gbé òṣìṣẹ́ ìlera dìde ju "ẹ wá wò wọ́n, ó ti pẹ́ tí a ti wà níbí" lọ. Bí ẹni àkọ́kọ́ kò bá dá ọ lóhùn, wá ẹlòmíràn. Òfin Ìlera ti orílẹ̀-èdè wa, ti ọdún 2014, sọ ní abala 20 pé ilé ìwòsàn kankan kò gbọ́dọ̀ kọ ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu, ìdí yòówù kó jẹ́. Ẹni tó bá rú u lè san 100,000 náírà tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì. N ò ní kí o lọ fi òfin halẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé ẹ̀tọ́ ni, kì í ṣe ojú rere.

Ìpínlẹ̀ Oǹdó tiwa gan-an ló yẹ kó mọ ọ̀rọ̀ yìí ju gbogbo ayé lọ. Ní 2009, lásìkò Gómìnà Olúṣẹ́gun Mímikò, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ dókítà, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò Abíyè ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ́. Ìdádúró mẹ́rin ni wọ́n kà sí ohun tó ń pa aboyún: ìdádúró nínú ilé kí a tó gbà láti lọ, ìdádúró lójú ọ̀nà, ìdádúró lẹ́yìn tí a bá ti dé ọsibítù tán, àti ìdádúró kí wọ́n tó gbé aboyún lọ síbi tí agbára rẹ̀ ju tiwọn lọ. Wọ́n fún àwọn aboyún ní fóònù tí wọ́n á fi máa pe òṣìṣẹ́ ìlera tó ń tọ́jú wọn. Ọdún tó tẹ̀lé e, 2010, ni Ọsibítù Ìyá àti Ọmọ ti Àkúrẹ́ ṣí. Wò ó bí wọ́n ṣe gbé bẹ́ǹṣì náà sáàárín ohun tó ń pani. Ìjọba ti sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀. Kí ló wá dé tí ojú á fi máa tì ọ́ láti dìde?

Mo gbọ́dọ̀ sọ òdìkejì rẹ̀ náà, nítorí àdúgbò tí à ń gbé. Ní Alágbàká níbí, kò sí ẹni tí kò mọ ẹnìkan. Bí kì í bá ṣe dírẹ́kítọ̀, á jẹ́ akọ̀wé ẹnìkan ní ọ́fíìsì gómìnà, tàbí ẹni tí ẹ jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìpè kan péré, wọ́n á ti mú ọ gba ẹ̀yìn wọlé. Mo ti ṣe é rí, kí n má purọ́ fún ọ. Nígbà tí mo jáde, bàbá àgbà kan tó ti wà níwájú mi láti àárọ̀ gbé ojú sókè wò mí, ó sì tún gbé ojú rẹ̀ sílẹ̀. Kò sọ nǹkan kan. Láti ìgbà náà, bí ara kò bá le, n kì í pe ẹnikẹ́ni mọ́. Bí ara bá le, mo máa ń sọ ọ́ sókè létí gbogbo èèyàn, kí àwọn tó wà lórí ìlà lè gbọ́ ìdí tí a fi ń kọjá. Bí wọ́n bá ti gbọ́ ọ, àwọn gan-an ló máa ń la ọ̀nà fún wa.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀ẹ̀rùn kù. Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára ibi tí ibà Lassa ti ń jà jù ní Nàìjíríà, ìgbà ọyẹ́ àti ẹ̀ẹ̀rùn ló sì máa ń pọ̀ jù. Ọ̀wọ̀, ní Ọsibítù Ìjọba Àpapọ̀ wọn, ni wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀ jù ní agbègbè wa. Oògùn rẹ̀ máa ń ṣiṣẹ́ jù bí a bá tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, láàárín ọjọ́ 6 àkọ́kọ́. Nítorí náà, bí ibà bá mú ẹnìkan nínú ilé rẹ lásìkò yẹn, tó lo oògùn ibà tí kò lọ, má tún lọ dúró lọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bí o bá sì dé ọsibítù, má gbé e jókòó sáàárín èrò. Ẹnu ọ̀nà ni kí o ti sọ ọ́: "Ibà tí kò lọ ni, ọjọ́ kẹrin rèé, eku sì wà nílé." Wọ́n á mọ ibi tó yẹ kí wọ́n gbé e sí.

Ìdúró mìíràn sì wà tí kò pọn dandan rárá. Bí ó bá jẹ́ ìfúnpá lo fẹ́ wọ̀n, abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ, tàbí ọgbẹ́ kékeré tí wọ́n ń wẹ̀, ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé wà ní àdúgbò, bí irú èyí tó wà ní Arákalẹ̀. Lọ síbẹ̀. Bí ó bá sì ṣeé ṣe, yẹra fún ọjọ́ Ajé, kí o sì yẹra fún ọjọ́ kejì họlidé.

Ọbẹ̀ ọjọ́ náà, sè é sílẹ̀ láti alẹ́. Má fi ìpàdé kankan sí ọ̀sán ọjọ́ náà, kí ọkàn rẹ má baà máa já lórí bẹ́ǹṣì. Kí o tó kúrò ní fámásì, ka oògùn níkọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ohun tí dókítà kọ, béèrè èyí tó bá yàtọ̀ lójú ibẹ̀. Kọ ọjọ́ tí wọ́n ní kẹ́ ẹ padà wá sínú ìwé yẹn kí o tó jáde ní géètì.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, aago 2 kọjá ni a tó parí. Màmá ti jẹ mọ́ínmọ́ín wọn ní aago 9, kété lẹ́yìn tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ wọn tán. Nígbà tí a wọ kèké, wọ́n gbé orí lé mi léjìká, wọ́n sì ti sùn lọ kí a tó dé Alágbàká. Mo fi ọwọ́ kan ọwọ́ wọn. Ó lọ́wọ́ọ́rọ́, ó gbẹ. Mo ní kí ọlọ́kèké rọra máa lọ.